Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo sólà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ilé olówó pọ́ọ́kú ló mú wa kọ̀wé yìí. Láti ìgbà tí owó ilé ti fò sókè ní Abuja ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbí, láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya dé Mararaba, ti ń dáwó jọ ní kọ́párétíìfù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pé kí wọ́n jọ ra ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ilé tí agbára òṣìṣẹ́ ká. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwòrán ilé tí wọ́n máa ń gbé jáde kò yàtọ̀ síra: yàrá méjì, fèrèsé onígíláàsì tó ń sún, òrùlé dúdú tó ń dán, kọnkéré yí gbogbo àgbàlá ká. Tí ẹnì kan bá sọ pé ilé tí wọ́n ń pè ní "green" ni òun fẹ́, wọn á gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà méjì lé orí òrùlé dúdú yẹn kan náà, wọn á sì bu owó lé e. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé olówó ló ni irú ilé bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni.

Owó ilé kì í parí lọ́jọ́ ìṣílé. Ẹni tó bá gbé inú ilé kan fún ogún ọdún yóò máa san owó iná, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó omi, owó ọ̀dà àti owó oògùn ní gbogbo ogún ọdún náà. Ilé tó bá ojú ọjọ́ mu ni ilé tí wọ́n ti dín àwọn ìnáwó yìí kù láti orí ìwé àwòrán, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì ń ṣe sí i kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ wo ibi tí ilé kọjú sí, fún àpẹẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan lórí Abuja, ní àárín oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ. Nítorí náà oòrùn ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ rí ògiri bá jà. Orí òrùlé ló ń jókòó sí. Oòrùn tó ń dá ògiri lóró ni ti ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà, tó ń rọ lọ sílẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn, tó sì ń yọ́ wọ abẹ́ etí òrùlé. Kí ògiri tó gùn nínú ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú wà ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ kó ilé ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má ṣe fi yàrá ìbùsùn síbẹ̀ láéláé.

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé púpọ̀ pa pọ̀, ojú ọ̀nà ló ń pinnu èyí. Bí ẹni tó ń ya ilẹ̀ bá fa ọ̀nà láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n wá kọ́ ilé tó so mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn gbogbo ilé á wà ní àríwá àti gúúsù, ilé tó wà ní ìpẹ̀kun nìkan ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ á rí mú. Ilé mẹ́wàá tó so mọ́ra á lo ògiri ẹ̀gbẹ́ 11. Tí wọ́n bá dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, 20 ni. Àwọn èèyàn wa kò fẹ́ràn ilé tó so mọ́ra, wọ́n ní ó jọ bárékè. Ẹ fi ti bárékè sílẹ̀ ná, kí ẹ ṣírò búlọ́ọ̀kù, ìrẹ́lé àti ọ̀dà ògiri mẹ́sàn-án.

Etí òrùlé náà ńkọ́? Tó bá yọ sẹ́ntímítà 75 síta, òjìji rẹ̀ á bo ògiri gúúsù ju mítà kan lọ ní ọ̀sán, kódà nínú oṣù Kejìlá tí oòrùn fi ń wá láti gúúsù. Òun náà ni kì í jẹ́ kí òjò na ògiri. Àṣà tó wá gbòde báyìí ni kí wọ́n gbé ògiri ga ju òrùlé lọ kí ẹni tó ń kọjá má baà rí páànù rárá. Ilé bẹ́ẹ̀ kò ní etí. Omi òjò á máa gba inú gọ́tà tó fara sin, ewé àti eruku ọyẹ́ á dí i, omi á wá ibòmíràn gbà, ibòmíràn náà sì ni sílíìnì. A ò rí ìdí tí ilé olówó pọ́ọ́kú fi gbọ́dọ̀ ra ìyọnu yìí.

Òrùlé gan-an wá ni baba ọ̀rọ̀. Páànù tó wà lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹta ní aago méjì ọ̀sán máa ń gbóná dé ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 60 sí 70, àgàgà tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú. Bí ògúnná ṣe ń ta ooru sí ẹni tó ń yáná lójú ni páànù ṣe ń ta ooru sí sílíìnì. Sílíìnì á gbà á, á gbóná, òun náà á máa ta tirẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí oòrùn bá wọ̀, páànù á tètè tutù, ṣùgbọ́n ògiri àti ilẹ̀ yàrá tó ti ń gba ooru láti ọ̀sán kò ní dákẹ́ títí di ọ̀gànjọ́ òru.

Ohun àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Páànù funfun, tàbí alumíníọ́ọ̀mù tí wọn ò kùn ní nǹkan kan, á ta púpọ̀ nínú oòrùn náà padà sókè. Kì í sábà wọ́n ju dúdú lọ tí nínípọn wọn bá dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni fọ́ìlì, ọ̀rá dídán bíi fàdákà tí wọ́n ń na sábẹ́ páànù. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ojú tó ń dán gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí ó sì máa wo àyè òfìfo tí kò dín ní ínǹṣì kan. Káfíńtà tó bá kọ ojú dídán sókè, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, ti sọ ọ́ di páànù kejì: ooru á gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ṣe ń gba inú ṣíbí tó wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá sì tẹ́ ẹ sórí sílíìnì, tí ojú dídán ń wo òkè, iṣẹ́ rẹ̀ á dáa fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn ọyẹ́ kan sí méjì, eruku á bo ojú rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Fọ́ìlì nìkan kò tó. Atẹ́gùn gbígbóná tó há sáàárín páànù àti sílíìnì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n sì fi òmíràn sí téńté òrùlé tàbí sókè ògiri onígun mẹ́ta tó wà ní ìpẹ̀kun òrùlé, kí tútù máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí gbígbóná máa gba òkè jáde. Gbogbo ihò yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tí kì í dípẹtà bò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdán á sọ ibẹ̀ di ilé, eku á tẹ̀ lé e, ilé tí eku bá sì ti ráyè wọ inú ìṣasùn àti àpò gàrí, ibà Lassa kò jìnnà sí i. Kí sílíìnì ga tó mítà 3 sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi owó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, NERC, sún owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan di náírà 225. Ó ti lọ sókè sódò díẹ̀ látìgbà náà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi iye yẹn ṣírò. Éásì (ẹ̀rọ amúlétutù) 1.5 horsepower tó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,100, tó bá fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ láìsinmi, á jẹ yúníìtì 8.8. Náírà 1,980 nìyẹn lóru kan, náírà 59,400 lóṣù. Fáànù òkè àjà tó ń jẹ wáàtì 70, ní wákàtí mẹ́jọ kan náà, náírà 126 lóru, náírà 3,780 lóṣù. Ẹnì kan lè sọ pé éásì kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi, pé ó máa ń kú fúnra rẹ̀ tí yàrá bá ti tutù. Òótọ́ ni, nínú yàrá tó lè tutù. Lábẹ́ òrùlé dúdú tí kò ní fọ́ìlì, kì í ráyè sinmi. A ò ní kí ẹ má ra éásì o. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú yàrá tí wọ́n kọ́ bó ṣe yẹ, fáànù tó láti oṣù Kẹfà wọ oṣù Kejì, oṣù Kẹta sí Karùn-ún nìkan ló lè béèrè jù bẹ́ẹ̀.

Ooru yìí kan ìlera ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹni tí ooru ń mú kò ní sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Wọ́n lè pín nẹ́ẹ̀tì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá di aago méjìlá òru, á ká a kúrò. Yàrá tó gbóná ń pe ibà wọlé báyẹn, yàtọ̀ sí oorun tí kò pé, ọmọ ọwọ́ tí ooru sú sí lára àti àgbàlagbà ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí kò rọrùn fún. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kí ẹbí sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tutù. Tí ẹ bá ti fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, kí ẹ rántí pé ó ń dín atẹ́gùn kù gan-an, kí fèrèsé tóbi sí i láti orí ìwé àwòrán.

Fèrèsé tó ń sún kì í ṣí ju ìdajì lọ; ẹ san owó gbogbo rẹ̀, ìdajì lẹ fi ń mí. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ló ń fún yín ní gbogbo àyè rẹ̀. Ẹ má fi fèrèsé méjèèjì tó wà nínú yàrá sí ògiri kan ṣoṣo: atẹ́gùn tí kò bá rí ibi jáde kò ní wọlé. Ní Abuja, afẹ́fẹ́ òjò ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ti ọyẹ́ ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn, fèrèsé tó bá wà ní àríwá àti gúúsù á sì rí nínú méjèèjì.

Àwọn tó ń gbé ní Sokoto, Katsina, Kano àti Zamfara mọ ìdí mìíràn. Àgbègbè yẹn wà lójú ọ̀nà àrùn yínrùnyínrùn, tó máa ń jà láti oṣù Kejìlá títí òjò á fi dé. Ní ọdún 1996, ó pa ju 11,000 èèyàn lọ ní Nàìjíríà. Ìtọ́ àti ikun láti imú àti ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ó sì ń tàn wàrà níbi tí èèyàn bá ti há mọ́ra, àgàgà nígbà tí eruku ọyẹ́ ti gbẹ inú imú àti ọ̀fun, tí gbogbo ilé sì ti tilẹ̀kùn mọ́rí nítorí eruku náà. Èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan tó ní fèrèsé kan, tí wọ́n tún tì í pa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò àkọ́kọ́. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà oríṣi márùn-ún àrùn náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé lè ṣe tirẹ̀: ihò atẹ́gùn lókè ògiri, nítòsí sílíìnì, ní ìhà méjì yàrá, tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò, tí kò ní ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè tì. Eruku díẹ̀ á wọlé. Kó wọlé.

Ó ku ògiri. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi ilẹ̀ pupa àti símẹ́ǹtì díẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń kì bọ ara wọn láìlo sìmẹ́ǹtì pípò, ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti títì, NBRRI, ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé símẹ́ǹtì rẹ̀ kéré. Ẹ má fi ìyẹn ra á. Tí ẹ bá ṣírò símẹ́ǹtì inú búlọ́ọ̀kù nìkan fún mítà ògiri kan, ó lè má jìnnà sí ti búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínǹṣì tí wọ́n fún ní símẹ́ǹtì tó yẹ, ìyẹn báàgì kan fún 25 sí 30. Ibi tí èrè wà ni símẹ́ǹtì tí wọn kò ní pò láti fi so búlọ́ọ̀kù pọ̀, ìrẹ́lé tí ògiri ìta kò nílò, ọ̀dà tí kò ní gbà, àti ọkọ̀ yanrìn tí wọn kò ní pè nítorí abẹ́ ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ pupa wà.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ pupa ló dáa fún un. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ òkè kúrò dé ibi tí ẹ kò ti rí gbòǹgbò mọ́, torí pé ohun tó ń jẹrà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì di. Ẹ bu èyí tó wà nísàlẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ ju iyọ̀ fún pọ́n sí i, ẹ mì í, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á ti rọ̀ sísàlẹ̀, erùpẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ á wà lókè. Tí amọ̀ bá wà láàárín ìdá 10 sí 25 nínú 100, ẹ lè lò ó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, búlọ́ọ̀kù á sán bó bá ṣe ń gbẹ, ẹ fi yanrìn là á. Tó bá kéré, etí rẹ̀ á máa rún.

Ẹ sẹ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ fi báàgì símẹ́ǹtì kan pò ó mọ́ bárò ilẹ̀ mẹ́wàá, ní gbígbẹ, títí àwọ̀ á fi dọ́gba, kí ẹ tó máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ fún un mọ́wọ́ kó di bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ìwọ̀n mítà kan sórí ilẹ̀ líle. Tó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó tó. Tó bá pẹ̀tẹ́ sílẹ̀ láìfọ́, omi ti pọ̀. Tó bá fọ́n ká bí eruku, omi kò tó. Kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ tán kí wákàtí kan tó pé, èyí tó bá kù, ẹ má fi omi jí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀rá bo búlọ́ọ̀kù, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ọyẹ́ máa ń sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, kó lè tètè gbẹ. Gbígbẹ kọ́ ni dídi. Atẹ́gùn ọyẹ́ á fa omi inú rẹ̀ jáde kí símẹ́ǹtì tó rí i lò, òjò àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin ni yóò sì jẹ́rìí.

Bíríkìlà tí kò fi ọwọ́ kàn án rí á fẹ́ tò ó bí ó ṣe ń to búlọ́ọ̀kù tó mọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo símẹ́ǹtì pípò, àṣìṣe ìlà àkọ́kọ́ ṣeé fi símẹ́ǹtì tún ṣe ní ìlà kejì. Nínú ti akìbọra, kò sí ohun tó máa bo àṣìṣe: tí ìlà àkọ́kọ́ bá yẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta, ògiri á ti dagun kó tó dé líńtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ kan gbáko lórí ìlà àkọ́kọ́ kò pọ̀ jù.

Ilẹ̀ pupa tàbí búlọ́ọ̀kù lásán, omi láti ìsàlẹ̀ ni ọ̀tá méjèèjì. Kí ilẹ̀ yàrá ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní sẹ́ntímítà 30, kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ kọnkéré ìpìlẹ̀, kí ọ̀rá náà sì gba abẹ́ ògiri jáde. Níbi tí ọ̀rá bá ti ya, tàbí tí wọn ò tẹ́ ẹ rárá, ògiri á máa fa omi sókè bí òwú àtùpà. Ọ̀dà á wú, á máa bó, ògiri á bu lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, ọmọ tó bá ní ikọ́ fée á sì máa hú u lóru láìmọ ohun tó fà á. Kíkun ọ̀dà tuntun lé e ni ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ lándílọọ̀dù mọ̀. Ọdọọdún ni wọn á máa kùn ún.

Ohun kan wà tí ẹni tó fẹ́ràn ògiri amọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ògiri tó nípọn kì í pa ooru, ńṣe ló ń fi í pamọ́. Gidan Rumfa, ààfin ọba Kano, tó ti wà láti sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, àti àwọn ilé tubali (ìṣù amọ̀ gbígbẹ) ilẹ̀ Hausa, ògiri wọn ki bí ògiri ilé àwọn baba ńlá wa ní Ìbàdàn, nítorí pé ọ̀sán gbóná, òru ọyẹ́ sì tutù. Ooru á gbà tó wákàtí mẹ́fà kó tó la ògiri ilẹ̀ pupa tó nípọn ní sẹ́ntímítà 22 kọjá. Nítorí náà, tí ẹ bá kọ ògiri yàrá ìbùsùn sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn aago mẹ́rin á wọlé wá bá yín ní aago mẹ́wàá alẹ́, gẹ́lẹ́ bí ẹ ti fẹ́ sùn. Ògiri dáadáa kò lè tún ilé tó kọjú síbi tí kò yẹ ṣe.

Ti omi, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: òjò mìlímítà kan lórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, jẹ́ líta 100. Ní Abuja, òjò máa ń ju mìlímítà 1,200 lọ lọ́dún. Tí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó máa ṣòfò, líta 96,000 ló kù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-líta-25 tó ju 3,800 lọ lọ́wọ́ mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri. Ẹ jẹ́ kí líta 100 àkọ́kọ́ òjò kọ̀ọ̀kan gba dúrọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀, torí òun ló ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. A ò ní tan yín: táńkì líta 5,000 kò lè gbé èèyàn márùn-ún dé oṣù Kẹta. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo líta 40 lójúmọ́, ọjọ́ 25 ni. Omi ìfọṣọ, ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oṣù mẹ́fà òjò ló ń gbà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ti ọdún kan. Èyí tí ẹ bá fẹ́ mu, ẹ sè é.

Kànga ẹ̀rọ wá ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ti ń ṣe ara wọn. Ó yẹ kí mítà 30 wà láàárín sòkàwéè àti kànga. Púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, kò gùn ju nǹkan bíi mítà 30 lọ lápapọ̀. Tí gbogbo ilé bá wá gbẹ́ kànga tirẹ̀, sòkàwéè aládùúgbò ni ẹ ń mu. Kànga kan tàbí méjì fún gbogbo ilé, ní ibi tó ga jù lórí ilẹ̀, tí gbogbo sòkàwéè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ló bójú mu, ó sì dín owó kù gan-an.

Jẹnẹrétọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí, kì í ṣe báńkóónì, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde nínú rẹ̀ kò ní òórùn, oorun ló fi ń pani. Sílíńdà gáàsì, ìta ni kó wà; gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri ilé ìdáná ni kí ihò ìjáde rẹ̀ wà, fèrèsé òkè kò lè gbé e.

Níkẹyìn ni a wá kan sólà. Fáànù mẹ́ta fún wákàtí mẹ́wàá, gílóòbù LED mẹ́fà, tẹlifíṣàn àti fíríìjì kékeré á jẹ nǹkan bíi yúníìtì mẹ́rin lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì oní-wáàtì-550 méjì á gbé e ní Abuja, tí wọ́n bá kọjú wọn sí gúúsù, tí wọ́n dagun díẹ̀, tí ẹnì kan sì ń fọ eruku kúrò lójú wọn láàárọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ fi éásì yẹn kún un, ó di yúníìtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tàbí méje, bátìrì náà á pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Owó tí ẹ kò ná sórí fọ́ìlì lẹ wá ń ná sórí bátìrì, bátìrì náà á sì kú lọ́jọ́ kan.

Ìjọba kò ṣàìmọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà, ni wọ́n gbé ìlànà orílẹ̀-èdè lórí bí ilé ṣe lè jẹ iná kékeré jáde. Inú ìwé ló ṣì wà níbi tí wọn kò bá tíì sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán ilé. Federal Mortgage Bank ń yọ ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sínú àpò National Housing Fund, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yá wọn lówó láti kọ́lé. Owó àwọn òṣìṣẹ́ ni. Kí báńkì náà má ṣe yá kọ́párétíìfù kankan lówó lórí àwòrán tí kò sọ ibi tí ilé kọjú sí, bí etí òrùlé ṣe gùn tó, ohun tó wà lábẹ́ páànù àti ibi tí sòkàwéè wà sí kànga. Ohun mẹ́rin péré, ojú ìwé kan á gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀, kó má lọ wò ó láàárọ̀ tí àwọn tó ń tà á máa ń pe èèyàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oṣù Kẹta, ni kó lọ. Kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ìwọ̀-oòrùn láti inú yàrá, kó gbé àkàsọ̀ kó fọwọ́ kan sílíìnì, kó ṣí gbogbo fèrèsé kó wò ó bóyá kọ́tìnnì á mì. Kó sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Bí sílíìnì ilé àtijọ́ náà bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, kó má jẹ́ kí káfíńtà fi ayùn kàn án tàbí kó fọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ ní gbígbẹ; eruku rẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Tí kò bá sán, tí kò bá rún, kó kùn ún, kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Àwa oníṣẹ́ ilé kíkọ́,
Kubwa àti Lugbe, Abuja.